Òwú Lẹ́nu Ọba Olórí Mẹ́ta

Wọ́n ní obìnrin náà ti ti ọkọ rẹ̀ mọ́ inú àpótí láti ọdún mọ́kànlá. Àwọn kan ní rárá o, kì í ṣe àpótí, ihò abẹ́ ilẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un lójúmọ́, nígbà oúnjẹ. Ẹnìkan tilẹ̀ búra pé òun gbọ́ ọkùnrin náà létí òun méjèèjì. Obìnrin náà ló ṣèèṣì fi ohùn ránṣẹ́ sáàárín ẹgbẹ́ orí fóònù wọn, kó tó sáré pa á rẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, àfi ohun kan tó ń hó ṣùùù, ṣùùù, bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó lẹ́sẹ̀.

Bí òfófó ṣe máa ń sanra nìyẹn láàárín àwọn tí kò ríra wọn rí. Eré orí fóònù ló pa wọ́n pọ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á dá ẹ̀dá kan sílẹ̀, á fún un ní ìrísí àti ìwà, á sì máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ ránṣẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Òfin méjì péré ló wà. Èkíní, ẹ̀dá tìrẹ nìkan ni o lè mì: o lè na idà sí ẹ̀dá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ni yóò sọ bóyá idà náà bà á. Èkejì, nínú eré, ohun tó bá ti lọ ti lọ. O kò gbọdọ̀ pè é padà.

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, Àǹtí Agéṣọ ni ọ̀gá àwọn òǹrorò nínú eré yìí. Lójú ayé, òǹrorò kọ́: aṣọ ló ń gé ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe aṣọ àwọn òbí rẹ̀. Ṣòkòtò tó gùn jù, búláòsì tó fún jù, síìpù tó ti bínú tí kò fẹ́ padà sílé mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ a máa rán bọ́tìnì nídìí fèrèsé. Bàbá rẹ̀ a máa lọ aṣọ nínú yàrá pákó tóóró kan lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ooru áyọ́ọ̀nù má baà lé oníbàárà. Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan. Kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́ tán, Àǹtí Agéṣọ ti fi búrẹ́dì sẹ́nu, ó ti gbé fóònù, ó ti di ọba.

Kì í ṣe ọba kékeré o. Ọba Olórí Mẹ́ta, tó ti sun ìlú méje, tó ń fi agbárí mumi, tí iná ń yọ lójú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bó bá rẹ́rìn-ín, òkè á là sí méjì. Kò sì sígbà tí kì í rẹ́rìn-ín.

Àfi bí àlejò tuntun ṣe dé lóṣù méjì sẹ́yìn. Kò ní idà, kò ní iná, orí kan ṣoṣo ló ní. Ó ní òun ni Ìyá Ibodè, arúgbó tó ń ṣọ́ ibodè orí afárá. Ẹrù rẹ̀ kò ju kọ́kọ́rọ́ kan, abẹ́rẹ́ kan àti àwọn àga ìjókòó díẹ̀. Bí jagunjagun bá dé tó fẹ́ kọjá, á ní kó jókòó díẹ̀. Á tún kọ́là ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Á ní, “Ìyá rẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?” Ọ̀rọ̀ á wọ̀ wọ́n lára, ọjọ́ á lọ, ẹni tó ń lọ gba ọmọ ọba sílẹ̀ á gbàgbé pé ọmọ ọba kankan wà láyé. Jagunjagun mẹ́rin ló ti wà lórí àga báyìí tí wọn ò lè dìde. Kò dè wọ́n. Ojú ló ń tì wọ́n láti lọ.

Ẹgbẹ́ dà rú. “Yéè! Arúgbó yìí ń dẹ́rù bà mí ju ikú lọ, ẹ sì má jẹ́ kó lọ o!” Nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ lójú ayé, èsì tó fún wọn kò ju báyìí lọ: “Ọkọ mi wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún un.” Ọ̀rọ̀ àpótí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Àǹtí Agéṣọ, owú ti ń jẹ ẹ́ dé egungun. Ó ń ka àwọn àmì ẹ̀rín abẹ́ ọ̀rọ̀ arúgbó náà bí ẹni tó ń ka ọmọ orogún. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Ibodè, á fi kún ìlú tí Ọba òun sun. Ìlú méje di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án di mẹ́rìnlá. Ẹnìkankan kò sọ pé yéè. Ẹnìkan kàn kọ ọ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Kábíyèsí,” bí ẹni tó ń kí panápaná.

Ohun tó wá da epo sí iná náà ni pé Adarí, ẹni tó ń bójú tó eré náà, kéde pé ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ẹgbẹ́ yóò dìbò. Òǹrorò tó bá wọlé, òun ni ìtàn ọdún tó ń bọ̀ yóò dá lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àbúrò rẹ̀ rọra jókòó tì í. Ọmọ yìí ló ń gba àlejò ní ilé ìwòsàn eyín tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣeré, ìran ló ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni búrẹ́dì yẹn ṣe fún yín? Ẹ rọra o. A ò ní àyè fún aláìsàn lónìí.”

“Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?”

“Arúgbó yẹn tún ni, àbí?”

“Kí ló ní gan-an? Kí ló ní tí Ọba mi ò ní?”

“Àga.”

“Orí mẹ́ta ni mo fún un!”

“Ẹ fún un lórí mẹ́ta lóòótọ́. Ẹ ò fi nǹkan kan sínú ìkankan.”

“Màámi, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yín!”

“Kí ló ṣe?” ni ìyá wọn wí láti ìdí fèrèsé, láìgbójú sókè.

“Ó ní ọba mi ò lọ́pọlọ.”

“Ọba wo?” Ojú ìyá náà mọ́ rekete bí omi òjò.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ni, bọ́tìnì àyà rẹ̀ já, ó sì ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Kò sáyè à ń bọ́ṣọ. Ìyá náà gé òwú kékeré kan, ó nà án sí i. “Fi eyín di èyí mú. Má sọ̀rọ̀.” Ọgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, abẹ́rẹ́ á sì gún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi eyín di òwú mú kò jẹ́ yanu. Láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ń wọ aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ti ń di òwú yẹn mú. Bí ìyá wọn bá na òwú báyìí, ẹnu ti là kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ìdí.

Oníbàárà lọ. Ìyá náà padà sídìí fèrèsé. Àǹtí Agéṣọ pa ìka pọ̀, ó ní òní lòní ń jẹ́.

“Ọba Olórí Mẹ́ta dé orí afárá pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun,” ó kọ. “Ilẹ̀ mì. Odò gbẹ. ‘Ìwọ arúgbó yìí! Ṣí ibodè, kí n tó sọ ọ́ di eérú!’”

Èsì dé. “‘Káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ káàbọ̀. Ẹ ti jẹun?’”

Àmì ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò.

“‘Mi ò wá jẹun! Ogun ni mo gbé wá!’ Iná ń bù yẹ̀rì lójú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

“‘Mo rí i. Iná náà ti ta sí ọ ní kọ́là. Sún mọ́ mi. Háà, wò ó, bọ́tìnì rẹ kẹrin ti já! Ṣé báyìí lo ṣe gba àárín ọmọ ogun kọjá? Kí ni wọ́n máa rò nípa ìyá tó bí ọ?’ Arúgbó náà yọ abẹ́rẹ́. Ó gé òwú kékeré mẹ́ta, ó nà wọ́n sí i. ‘Ẹ fi eyín di èyí mú. Ẹ má sọ̀rọ̀.’”

“Ọba náà la ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,” ni Àǹtí Agéṣọ kọ, “ó sì di òwú mú.”

Ọ̀rọ̀ náà ti lọ kí ọpọlọ tó lé ìka bá. Ohun tó bá ti lọ ti lọ.

Ọba tí òwú wà láàárín eyín rẹ̀ kò lè pàṣẹ. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun dúró sójú kan, wọ́n ń wo ọ̀gá wọn lẹ́nu. Arúgbó náà rán bọ́tìnì, ó so ó, ó fi eyín gé e. “‘Ó yá,’” ó ní, “‘jókòó. Àga rẹ rèé.’”

Ẹgbẹ́ ń kígbe, ẹgbẹ́ ń yí gbirigbiri lórí fóònù. Àǹtí Agéṣọ kò kà á. Ó ti gbójú sókè. Nídìí fèrèsé, ìyá rẹ̀ ń fi eyín gé òwú, fóònù rẹ̀ sì ń tàn lórí itan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

“Màámi.”

“Hùn?”

“Ẹ fún mi ní fóònù yín.”

“Tìẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?”

“Màámi!”

Ẹ̀rín pa àbúrò rẹ̀ débi pé omi tó ń mu gba imú rẹ̀ jáde. Òun ló gbé eré náà sórí fóònù ìyá wọn, alárékérekè ọmọ.

“Ó pẹ́ kí o tó mọ̀,” ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́. “Mo rò pé lọ́jọ́ kìíní lo máa mú mi.”

“Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀? Ibi kan ṣoṣo tí mo ní láyé, ẹ tún wá gbà á!”

“Ibi kan ṣoṣo tí o ní, tàbí ibi kan ṣoṣo tí o máa ń wà? Bí a bá ti tilẹ̀kùn yìí báyìí, o ti lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wo ìpàkọ́ rẹ. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ owú jẹ ni? Mo ní kí n lọ wo àwọn tó gbọmọ lọ́wọ́ mi.”

“Gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn yín jù mí lọ.” Ó ti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Níbo lẹ ti kọ́ ìkà yẹn?”

Ìyá náà fi abẹ́rẹ́ gún ìrọ̀rí kékeré tó ń kó wọn sí. “Níbí ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìránṣọ ńlá yẹn fẹ́ gbà ọ́, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló tún kọ́là rẹ ṣe? Ta ló ní ta ni yóò máa bá bàbá rẹ gé aṣọ? Mi ò pariwo. Mi ò dè ọ́. O jókòó. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ, ọmọ mi. Òǹrorò ò mọ̀ pé òǹrorò lòun. Ó rò pé òun ń tọ́jú ènìyàn ni.”

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pákó ni ohùn bàbá wọn ti dé: “Ṣé ẹ máa ṣí ibí fún mi ni, àbí oúnjẹ ò tíì délẹ̀?”

Ọjọ́ Ẹtì, kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Agéṣọ jókòó nídìí tábìlì ìgéṣọ, ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Kò sí iná nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rín. “Ọba náà tu òwú, ó dìde, ó ní: ‘Màámi, mo fẹ́ kọjá.’”

Nídìí fèrèsé, abẹ́rẹ́ dúró. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Adarí fi ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ ti kú. Nígbà tó yá, èsì wọlé: “Ìyá Ibodè tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gún. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́.”

Ibodè tí kò ṣí rí ṣí. Àwọn kan ní àwọn ń sunkún níbi iṣẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè, fún Ìyá Ibodè.

Àǹtí Agéṣọ wo fóònù, ó wo ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí Ọba òun gan-an borí, arúgbó yìí náà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún! Owú tún gun ọ̀fun wá. Ó gbé e mì, ó dìbò fún ìyá rẹ̀, ó dojú fóònù dé, ó sì kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kan sí ilé-iṣẹ́ ìránṣọ ńlá nì kó tó tún gbé e. Nígbà náà, Ìyá Ibodè ti wọlé tán, Adarí sì ń bẹ ẹni tó ni ín pé kó jọ̀ọ́, kó fi òótọ́ ọ̀rọ̀ àpótí yẹn hàn wọ́n kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì méjìlá ló wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ ló bá a fèsì.

“Bàbá mi ni ọkọ rẹ̀. Ó ń lọ ṣòkòtò ní yàrá ẹ̀yìn.”