Abẹ́rẹ́ Tí Bùràímọ̀ Kò Mọ̀ Lára

Aránṣọ ni Bùràímọ̀ ní Ẹdẹ, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń jókòó ti máṣínì, àtàárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń tóbi sí i. Ó mọ ìwọ̀n ìbàdí gbogbo ẹni tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi tẹ́ẹ̀pù kan ara tirẹ̀. Bí ṣòkòtò bá fún un, á tú u, á fi aṣọ díẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn a ní owó ló ń mú un sanra, inú rẹ̀ a sì dùn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ó ní àtọ̀gbẹ, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó ra oògùn fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó yá, oògùn gbówó lórí débi pé owó aṣọ rírán kò ká a mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé hóró kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí ara bá ni ín nìkan ló ń lò ó. Kò sọ fún Zulfah, ìyàwó rẹ̀. Owó iléèwé Aqeelah, ọmọ wọn, ló jẹ ẹ́ lógún.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, ó ṣe àlùwàlá tán lẹ́yìnkùlé. Zulfah ń gbálẹ̀ nítòsí.

“Bàbá Aqeelah, kí ló gé yín lẹ́sẹ̀?”

“Kò sí nǹkan tó gé mi.”

“Ẹ wo ilẹ̀.”

Ẹ̀jẹ̀ wà ní gbogbo ibi tó ti rìn, àmì gìgísẹ̀ kan ṣoṣo. Ó jókòó, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà wò, ikùn kò jẹ́ kó lè tẹ̀ ba. Zulfah ló kúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ máṣínì ló kán sínú gìgísẹ̀ náà. Ẹran tó yí i ká ti dúdú, ó sì ti ń rùn. Zulfah fi ìka tẹ ibẹ̀.

“Ṣé kò dùn yín?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá.” Àtọ̀gbẹ yìí kan náà ló ṣe Múfútàù, ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀ tó gbé ní ìlú Ara. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lo oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kú.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn lọ sí ọsibítù, gbogbo ìgbà tí táyà bá kó sí kòtò ni Bùràímọ̀ ń retí kí ẹsẹ̀ náà dun òun. Kò dùn ún.

Nọ́ọ̀sì Deborah gún un níka, ó wo ẹ̀rọ tó fi yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó rí i pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lọ pe dókítà.

“Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?” ni dókítà bi í.

“Wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́,” ni Zulfah dáhùn.

Bùràímọ̀ mi orí. “Mi ò lò ó. Agbára mi ò gbé e mọ́.”

Zulfah yíjú sí ògiri.

Dókítà fi bírò fa ìlà yí ibi tó dúdú náà ká. “Ohun tí ẹ máa ná sórí ẹsẹ̀ yìí lọ́sẹ̀ kan ju owó oògùn oṣù mẹ́fà lọ. A ó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí dúdú yìí bá kọjá ìlà…”

Láràárọ̀ tí wọ́n bá ti ń tú báńdéèjì, Bùràímọ̀ á di ojú. “Ó ti kọjá?” Ní ọjọ́ kẹta, Zulfah ní kò kọjá. Wọ́n gé ẹran tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kí tọkọtaya náà tó lè sanwó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ta máṣínì tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá, àti ewúrẹ́ Zulfah méjèèjì.

Ó ti ń rìn báyìí, ó ti fọn díẹ̀, odindi hóró oògùn ló sì ń lò. Zulfah ló ń lọ rà á ní kẹmíìsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pẹ́ kó tó dé, ó gbé oògùn náà kalẹ̀ láìsọ iye tó rà á. Bùràímọ̀ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á láti béèrè iye náà.