Ìgbà Òtútù Tí Mo Fẹ̀yìn Lélẹ̀ Gun Kẹ̀kẹ́

Òórùn Keller ilé tá a gbé ní Hellersdorf, nílẹ̀ Jámánì, ò tíì kúrò nímú mi. Keller yẹn, yàrá abẹ́ ilé ni, tí kálukú ń kó ẹrù sí. Òórùn sìmẹ́ǹtì tó tutù, òórùn ọ̀dùnkún tí àwọn aládùúgbò kó pa mọ́ tí díẹ̀ nínú ẹ̀ ti ń rà, àti òórùn gírísì kẹ̀kẹ́ lórí gbogbo ẹ̀. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún báyìí. Èmi ò lọ síléèwé, mi ò mọ̀wé kọ, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ti pẹ́ jù nínú mi.

Ilẹ̀ ni mò ń nù nígbà yẹn, ní ọ́fíìsì kan ní Schöneberg. Ọjọ́ kan mo ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ gun àtẹ̀gùn, nǹkan kan ṣẹ́ bí igi gbígbẹ lẹ́yìn mi. Dókítà ní Bandscheibe ni, pé ohun tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi ló yẹ̀. Ó ní òun ò ní là á, àmọ́ kí n máa lo ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹsẹ̀ òsì má bàa kú mọ́ mi lára. Bí mo bá rìn, mi ò lè rìn ju òpó iná mẹ́ta lọ. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé ń gùn, bí mo bá jókòó lé e, omi á jáde lójú mi. Mo wá ń sùn nílé bí ẹrù.

Ọkọ ọmọ mi ló mú kẹ̀kẹ́ mìíràn wá. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà o. "Ọkùnrin Hamburg yẹn" ni mò ń pè é. Ọdún méjì ṣáájú, ọmọ mi tó ń kàwé ní Hamburg mú un wá sílé pé òun ló fẹ́ fẹ́. Jámánì ni, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe, ní Billstedt, àdúgbò kan ní Hamburg. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó kọ́ ọ: ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ nílé wa, á dọ̀bálẹ̀. Mo wá pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tó ogún. Wọ́n kún pálọ̀ fọ́fọ́, àwọn kan gbé kámẹ́rà dání. Ọkùnrin yẹn wọlé, ó dúró láàárín kápẹ́ẹ̀tì, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Ó dúró pẹ́. Ó wá nawọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́.

Alàgbà kan ní, "Àbí irin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn òyìnbó yìí ni?" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bọ ọwọ́ ẹ̀. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn.

Ọmọ mi wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Dádì, tẹ́ ẹ bá lé e, ẹ ti lé èmi náà nìyẹn."

Mi ò ṣílẹ̀kùn. Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣègbéyàwó, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ìyàwó mi lọ, èmi ò lọ. Ọmọ mi ní òun ò ní tẹ ilé mi mọ́ títí màá fi fẹnu ara mi pe ọkọ òun wọlé. Èmi náà ní ó dìgbà tó bá dọ̀bálẹ̀. Bá a ṣe wà nìyẹn, ọdún kan, ọdún kejì. Ìgbà òtútù tí ẹ̀yìn mi bà jẹ́ yẹn, oyún ti wà nínú ọmọ mi. Ìyàwó mi ló sọ fún mi. Ó ń ká aṣọ, kò wojú mi. Ó ní, "Bàbá, ọmọ tó ń bọ̀ yẹn, ṣé inú fọ́tò lẹ ti máa rí i?"

Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, aago ẹnu ọ̀nà dún. Ìyàwó mi ti ròyìn ẹ̀yìn mi fún ọmọ wa lórí fóònù. Ó tì mí títí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Mo bá ọkùnrin yẹn lóun nìkan nísàlẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ kan mú tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló sọ. Ó dún wọ́gọwọ̀gọ lẹ́nu ẹ̀.

Mo ní, "Morgen." Ó fi Yorùbá kí mi, mo fi Jámánì dá a lóhùn, kó lè mọ ibi tó dúró sí.

Liegerad ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ yẹn. Èèyàn á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àga ìgbafẹ́, ẹsẹ̀ á nà síwájú, iwájú náà ni pẹ́dà wà. Ó rẹlẹ̀ débi pé bí mo bá sọ ọwọ́ sílẹ̀, ìka mi á kan ọ̀dà ọ̀nà. Ọkùnrin yẹn ta àsíá pupa kékeré sórí ọ̀pá gíga lẹ́yìn ẹ̀, kí mọ́tò lè rí mi. Ó di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó ń sáré tẹ̀ lé mi bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọdé. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kẹrin, mo lọ. Ẹ̀yìn mi ò sọ̀rọ̀. Láti oṣù mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Báyìí ni mo ṣe gùn ún já ìgbà òtútù. Láràárọ̀, tílẹ̀ bá ti mọ́ tán, màá gbé e jáde láti Keller, màá gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ odò Wuhle. Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé òtútù nítorí òun ló ṣáájú; ìyàwó mi á fi ọ̀rá wé e kí n tó wọ bàtà. Èémí mi á di yìnyín sára irùngbọ̀n. Ojú ọ̀run rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò, òun nìkan ni mò ń wò, òun àti orí igi tí ò léwé. Mo wá rí i pé gbogbo èèyàn ló ga jù mí. Ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri ń wò mí wálẹ̀. Ajá ń wò mí lójú kòrókòró. Ìyá ìjọ kan rí mi lẹ́bàá ọjà, ó kígbe, "Bàbá wa! Ṣé kí n bá yín mú pílò wá ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo kọjá tán, mo rò ó pé ojú kì í rí ohun kan náà láti ìsàlẹ̀.

Ọkùnrin Hamburg yẹn ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní Sátidé, láti wo kẹ̀kẹ́. Kò gòkè rí, èmi ò sì ní kó gòkè. Ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣe é, nínú afẹ́fẹ́, ìyàwó mi á gbé tíì lọ bá a, á tún wá gbé ife. Wákàtí mẹ́ta ló fi ń wá, á tún fi mẹ́ta padà. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejì ni ṣéènì há. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ yẹn gùn, ó tó ti kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, ó gba abẹ́ àga kọjá, iyọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sórí yìnyín ti kún un. Ọkùnrin yẹn ní kí n jókòó lé kẹ̀kẹ́, kí n máa yí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kóun rí ibi tó ti ń há. Ó wá dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú yìnyín tó ti dọ̀tí. Àyà ẹ̀ kan ilẹ̀. Iwájú orí ẹ̀ kan ilẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde léegun ìka ẹ̀, kò mọ̀. Kò sẹ́nì kankan lójú pópó. Kò sí kámẹ́rà.

Mo wo ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn. Ohun tí mo fi ọdún méjì bèèrè, ó ń bẹ nílẹ̀ níwájú mi, àfi pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo rò pé inú mi á dùn. Kò dùn. Ojú ló tì mí. Àsìkò yẹn ni mo bi ara mi léèrè ohun tí mo pe ogún èèyàn sí pálọ̀ mi fún. Màá sọ òótọ́, bó ti wù kó rí. Kì í ṣe àṣà ni mo ń dáàbò bò. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹríba nulẹ̀ fún àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n ń gba orí ibi tí mo nù kọjá, wọn ò kí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn wà nílẹ̀ fún mi, kí ayé sì rí i. Ẹni tí ọmọ mi fẹ́ràn ni mo fẹ́ fi gba ẹ̀san.

Mo ní, "Dìde. Jẹ́ ká gòkè." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́.

Ó gbórí sókè, yìnyín wà ní irun ojú ẹ̀. Ó ní, "Oben?" Ó fìka sí òkè bíi pé kò gbà á gbọ́.

Mo ní, "Oben."

Nígbà tá a wọlé, ìyàwó mi gba kóòtù ọkùnrin yẹn, ó fà á kọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ó bu ìrẹsì fún un. Ó wá gbé fóònù, ó pe Hamburg. Ó ní, "Ọkọ ẹ ń jẹun níbí." Mo ń gbọ́ ohùn kan látinú fóònù. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹkún ni.

Ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi yìí dé láyé, mo lọ sí Billstedt. Ọmọ mi gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ó ní, "Dádì, ó kọ́ ọ o. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá wa, èmi ni mò ń jókòó bí ẹni pé èmi ni ẹ̀yin. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kámẹ́rà yẹn ló rí, ara ẹ̀ gan."

Mo wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi ti kú báyìí, ilé wọn ni mò ń gbé. Ọkọ ọmọ mi ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún mi. Lójoojúmọ́ là ń jẹun pọ̀, mi ò tíì sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé mo kó ogún èèyàn ti ọmọ ọlọ́mọ tó ti múra tán láti bọ̀wọ̀ fún mi. Mo máa ń rò ó, ẹnu mi á wúwo. Ohun tí ìgbà òtútù yẹn kọ́ mi ni pé ọ̀wọ̀ tí mo bá fẹ́ kí èrò wá wò, ìgbéraga mi ni mo fẹ́ fi bọ́. Èyí tó jẹ́ ọ̀wọ̀ gidi ti ń wọkọ̀ wá láti Hamburg lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ń dúró nísàlẹ̀, èmi ni mi ò ṣílẹ̀kùn.

Ìwọ tí ò ń kọ ọ́, o gbọ́ èdè méjèèjì. Bí bàbá ẹ bá tibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, kà á fún un ní Jámánì, má yọ ìkankan kúrò. Èmi á wà ní yàrá kejì. Mi ò ní tilẹ̀kùn.