Àga Kejìlá

Òórùn ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú o, ọṣẹ olóòórùn dídùn ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí di ìgbà tí àlejò bá dé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí àlùfáà máa ń wẹ ẹsẹ̀ ènìyàn méjìlá bí Jésù ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa ń ta sánsán. Ìdí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà tí kì í ti ilé fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Wọn á fi kànrìnkàn ha gìgísẹ̀, wọn á fi ìpara pa á, wọn á wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, wọn á wá jókòó sórí àga níwájú pẹpẹ kí àlùfáà lè da omi sí ẹsẹ̀ tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Èmi ni mo máa ń di aṣọ ìnura mú tẹ̀lé e. Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìlú kékeré kan ni, láàárín Òkè-Ọ̀dàn àti bọ́dà. Ìwọ náà mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa: ilé ènìyàn á wà ní Nàìjíríà, oko rẹ̀ á wà ní òdìkejì, kò sì sí ẹni tó ń rò pé ilẹ̀ òkèèrè lòun ń lọ nígbà tó bá gbé àdá rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọge ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ. Lọ́dún yẹn, ìjọba ti ti bọ́dà pa. Sójà dúró sójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì gbé ẹrù kọjá, onífàyàwọ́ ni wọ́n kà á sí, ìbáà jẹ́ àgbàdo oko ara rẹ̀ ló rù.

Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, ló máa ń yan àwọn tí a ó wẹ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn kan náà ló ń yàn lọ́dọọdún, àwọn tó níláárí. Lọ́dún yẹn nìkan, nítorí pé ẹnì kan kú, ó fi àgbẹ̀ tó máa ń gbá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì kún wọn. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó fi ìbọ̀sẹ̀ tó rà hàn mí, nínú ọ̀rá, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àga kejìlá ṣófo.

A ń kọ orin lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ẹrẹ̀ àkùrọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ó wá tààrà síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ti mú bàbá àwọn ọmọ mi. Àpò àgbàdo méjì ni wọ́n bá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ sí Ìlaròó lọ́sàn-án ọ̀la, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wá sọ pé àgbẹ̀ ni.”

“A ti gbọ́, ìyá,” ni àlùfáà wí. “Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká parí ìsìn.”

Àga ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Àlùfáà wẹ ẹsẹ̀ àwọn mọ́kànlá tó kù, mo nù wọ́n gbẹ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó dúró, ó wo ojú Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ: “Ẹsẹ̀ fàyàwọ́ kọ́ ni Jésù wẹ̀.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àlùfáà gbé bàsíà omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì súre parí ìsìn.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ ṣe ìpàdé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ wọn.

“Ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Tí wọ́n bá kọ orúkọ ìjọ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Ìsìn wákàtí mẹ́ta wà nílẹ̀ lọ́la. Ta ló máa ráyè?”

“Ẹ jẹ́ ká gbé e fún Ọlọ́run nínú àdúrà,” ni Ìyá Ìjọ wí. Wọ́n gbàdúrà. Àdúrà náà gùn.

Mo mú obìnrin náà lọ sí ìdí àgbá omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo lóṣòó láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn.

“Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ba aṣọ ìjọ jẹ́.”

“Ẹ fi ẹsẹ̀ yín sílẹ̀.”

Ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ jọ yí mọ́ aṣọ ìnura náà, kò sì mọ́ mọ́ títí dòní. Kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe àánú ló ń ṣe mí. Inú ló ń bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tó yẹ kí n máa ka Bíbélì fún ìjọ, èmi àti obìnrin náà ti wà lójú ọ̀nà bọ́dà láti àárọ̀. Mo wọ aṣọ funfun tí mo máa ń wọ̀ fún ìsìn. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ọ̀gá àwọn sójà pé mo mọ ọkùnrin náà, pé àgbẹ̀ ni, ó yà á lẹ́nu díẹ̀. Ó bi mí pé ta ló rán mi.

“Ìjọ ló rán mi,” ni mo wí. Mo tún un sọ ní Yorùbá nítorí sójà kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wo aṣọ mi, ó wo obìnrin náà, ó ní kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n gba àgbàdo rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ náà wà nínú àpò rẹ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, tọkọtaya náà dìde láti dúpẹ́. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ tó rán ènìyàn wá,” ni ó wí. Ìyàwó rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́, kò sì gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àlùfáà ń wo ilẹ̀. Ìyá Ìjọ ló dìde, tó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àwọn àgbà, wọ́n sì kọrin. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n dìde sọ pé mo purọ́ fún sójà lọ́jọ́ tí Olúwa kú? Mo jókòó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gba iṣẹ́ aṣọ ìnura lọ́wọ́ mi nítorí pé n kò wá ka Bíbélì, wọ́n gbé e fún ọmọ Ìyá Ìjọ.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Nígbà tí a sin Ìyá Ìjọ, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, wọ́n sì ní ó kó ìjọ jọ láti gba àgbẹ̀ kan lọ́wọ́ sójà. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Ó dùn mí bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn: pé bóyá n kò purọ́ rárá. Ìjọ wà lójú ọ̀nà bọ́dà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, obìnrin méjì péré, ọ̀kan nínú wọn sì ń bínú. Àwọn tó kù wà nínú ilé tó ń ta sánsán.

Aṣọ ìnura náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n wá bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ti sọnù. Irọ́ nìyẹn, kò sì dùn mí rí.