Rélùwéè Tó Dé Ògbómọ̀ṣọ́

"Ẹ kà á."

Bàbá, arúgbó kan tó ń gbé inú ilé wa, gbé pátákó kékeré kan síwájú wa. Ọ̀dà dúdú orí rẹ̀ kò tíì gbẹ, òórùn kẹrosíìnì tó fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀: EDE. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé Ẹdẹ ni, ìlú Ẹdẹ. Ọmọ onílé wa, tó ti wọ sẹ́kọ́ndìrì, tí gbogbo àwa ọmọdé ilé náà ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní irọ́ ni.

"Edé ni jàre! Edé inú ọbẹ̀! Ṣé ẹ ò lójú ni?"

Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan gbè sẹ́yìn mi, àwọn kan gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló kiwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ edé gbígbẹ kan tó ti wé sínú bébà, ó sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí òrùlé ìdíkọ̀ ìṣeré tó fẹ́ kan pátákó náà mọ́. Ó ti mọ̀ pé a máa jà. Ó ti ra edé sílẹ̀ dè wá láti àárọ̀.

Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin, láàárín Yábàá àti Mushin, débi pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, abọ́ màmá mi á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá ń gbé, òun nìkan. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè ni kíkọ orúkọ ìlú sára pátákó ìdíkọ̀. Ó ní láti Ìddó títí dé òkè Ọya, kò sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì òun kò dé. Nígbà tó wá di ẹni tó ń jókòó sílé, ó kọ́ rélùwéè tirẹ̀ yí ẹ̀yìnkùlé ká, lórí pákó tó tò sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìbòrí páànù. Irin agboòrùn tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe ojú irin, agolo sàdíìnì ló fi ṣe ọkọ̀, ìdérí ìgò mínírà ló fi ṣe táyà. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn la fi ń fà á, àwa ọmọdé la sì ń fi ẹnu ké fàkàfíkì, fàkàfíkì.

Àmọ́ àwọn orúkọ yẹn gan-an ni eré. Bí ọkọ̀ bá dé JEBA, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá láì jẹ ẹ̀bà. Bàbá ti bu iyanrìn sínú ìdérí agolo kan síbẹ̀. Ní OFA, ó fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọfà ọdẹ, ó sì gún un mọ́ orí òrùlé. Mi ò rántí pé rélùwéè ní ìdíkọ̀ kankan ní Ìdí-Òro tó wà nítòsí wa, ṣùgbọ́n Bàbá fún un ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá ń jà níbi eré ló máa ń mú jókòó síbẹ̀, á ní, "Ibi ìdí ọ̀rọ̀ la dé yìí. Ẹ sọ ọ́." Bí ọkọ̀ bá sì dé YABA, Bàbá á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fa okùn pé, "Yà bá ta?" Ẹni náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́ yà bá kí okùn tó lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà wa ní súkùù máa ń nà wá nítorí àmì ohùn, nítorí náà lọ́jọ́ kan mo bi Bàbá léèrè. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fi àmì sí i?"

"Tí mo bá fi àmì sí i, kí lẹ fẹ́ máa jà sí?" Ó gé orógbó jẹ, kò! "Iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyẹn. Mi ò fi àmì sí ọ̀kankan rí. Ọ̀rọ̀ ara pátákó, ó kàn sùn síbẹ̀ ni. Ẹnu ẹni tó bá kà á ló ń jí i."

Ọmọ Ọ̀fà ni màmá mi. Wọ́n ránṣẹ́ láti ilé pé ìyá rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan sì ṣẹ́, kò sì sí ọmọ obìnrin mìíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Pápá Àjàó, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé lójoojúmọ́, èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí màmá mi fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọmọ mi. Mi ò ní pẹ́."

"Máa lọ, ọmọ mi. Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀. Ọlọ́run á wo màmá sàn."

Mi ò sunkún. Mo ti gbà pé kò ní pẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti súkùù dé, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mò ń lọ tààrà. Gààrí tó rẹ ti máa ń wà nílẹ̀, á ti da ẹ̀pà lé e lórí, á fi àwo dé e kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Á yẹ èékánná mi wò. Á ní kí n ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kí n tó fọwọ́ kan okùn. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí irun mi ti wú jù, ó pinnu pé òun á bá mi so ó. Ó so ó bí ẹni ń di ẹrù tó ń lọ sí Kánò. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Mo já bọ́tìnnì pupa kan lára ẹ̀wù tí màmá mi fi sílẹ̀, mo gbé e sí ìdíkọ̀ Ọ̀fà. Nígbàkígbà tó bá ti kàn mí láti fa okùn, màá gbé bọ́tìnnì náà sínú agolo, màá fà á kọjá Ẹdẹ, kọjá ibi gbogbo, títí dé Yábàá.

"Yà bá ta?"

"Yà bá mi," ni màá wí. Bàbá á mi orí, kò ní rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà màá tún gbé bọ́tìnnì náà padà sí Ọ̀fà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ni ín ṣì wà.

Ó pẹ́. Ẹnì kan ti Ọ̀fà dé, ó ní ó ku díẹ̀. Ẹlòmíràn dé, òun náà ní ó ku díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn abọ́ wa á wà jẹ́ẹ́ lórí tábìlì látàárọ̀ dalẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá kò sí ọkọ̀ tó máa gbé màmá mi bọ̀ wálé mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú ìdíkọ̀ OFA, tó pàtẹ́wọ́ bí ẹni rí owó he.

"Mo ti rí òmíràn! Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe Ọ̀fà, kì í ṣe ọfà. Ó fà! Ìdí tí màmá ẹ ò fi tíì dé nìyẹn. Ó ti fà!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n pè é, òótọ́ sì ni pé ó kà á dáadáa, bó ṣe yẹ kí a kà á nínú eré wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo gbà lọ́kàn mi pé orúkọ yẹn ló dá màmá mi dúró, pé láti ìgbà tí Bàbá ti kọ ọ́ ló ti wà níbẹ̀ tó ń fà, tí a ò sì rí i. Mo fa pátákó náà tu, mo jù ú sínú gọ́tà, mo sì bú sẹ́kún tó jẹ́ pé àwọn tó ń ta ọjà lójú títì gbọ́ ọ.

Bàbá lé àwọn yòókù jáde. Kò bá mi wí. Ó tẹ̀ síbi gọ́tà pẹ̀lú ìnira, ó mú pátákó náà, ó fi àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún.

"Mi ò rò ó débẹ̀," ló wí. "Ibi tí mo rò ó dé ni ọfà ọdẹ."

"Ẹ yí i padà, Bàbá."

"Orúkọ ìlú ni. Ta ni mí tí màá yí orúkọ ìlú padà?" Ó ń wo pátákó náà. "Àmọ́ àyè ṣì wà lápá ọ̀tún ibí."

Ó ní kí n bá òun di agolo ọ̀dà mú. Mò ń fa ikun símú, ó ń fa búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì: W, A, L, E.

"Kà á."

"Ọ̀fà… wálé?"

"Tún un kà. Bí Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe kà á yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀."

"Ó fà…" Mo wá rí i. "Ó fà á wálé!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló fà á?"

"Rélùwéè."

"Ta ló fà wálé?"

"Màmá mi."

"Ó tán. Gbé bọ́tìnnì ẹ sínú ọkọ̀."

Màmá mi kò dé lọ́jọ́ kejì o. Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí, ìyá àgbà kú ní Ọ̀fà, wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò ní ìdíkọ̀ yẹn, gbogbo wa la máa ń pariwo pé, "Ó fà á wálé!" Ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń ké jù. Mo sì lè sùn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Èmi ni mò ń fa okùn, mo tẹ̀ba mọ́ ojú irin, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ọ̀fàwálé? Ta ló ń jẹ́ Ọ̀fàwálé nínú ilé yìí?"

Ó ti rù, aṣọ dúdú ló wọ̀, báàgì ṣì wà lórí rẹ̀. Mo sáré débi pé mo da ìdíkọ̀ Ẹdẹ àti ti Jẹ́bà nù. Nígbà tí mo gbé ojú kúrò láyà màmá mi, Bàbá ti kọjú sí ògiri, ó ń wá búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́, Bàbá sì ń ní kí ó dìde, pé kí ni òun ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló kọ́ ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn. Ó la ojú irin tuntun gba ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sí tẹ́lẹ̀, ó sì kọ OGBOMOSO. Àwọn ọkùnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Bàbá, rélùwéè ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ o!" Ìlú rẹ̀ ni; nínú gbogbo ìlú tó kọ orúkọ wọn láyé, ti ìlú tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí.

"Tèmi dé ibẹ̀," ló dá wọn lóhùn. Ó wá yíjú sí mi. "Kà á."

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Èkejì ńkọ́?"

Mo wò ó títí. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó, ó gbìyànjú oríṣiríṣi, kò bọ́ sí i. Bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́, ó kọ̀. "Tìẹ ni ìyẹn. Ọjọ́ tó o bá kà á, wá sọ fún mi."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́rì ni wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀. Ó fi rélùwéè rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, òjò sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà mú agolo, a dàgbà, a kó lọ sí Sùúrùlérè. Pátákó OFAWALE nìkan ni màmá mi mú dání. Ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn wa níbẹ̀, ara ilẹ̀kùn tèmi ló wà báyìí. Àlejò mi gbogbo ló rò pé orúkọ ọkọ mi ni.

Mo ti gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá ní àìmọye ìgbà láti ìgbà náà, tí mo sì ń ka pátákó ojú ọ̀nà bí gbogbo èèyàn ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá, mò ń lọ sí Ìlọrin, mo gbé ọmọ ọmọ mi sórí itan. Ìyá rẹ̀ fi í sí mi lọ́wọ́ nítorí iṣẹ́. Ọmọ náà jí lójú oorun, kò rí ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo ní, "Má sunkún mọ́, èmi ni mò ń ṣọ́ ẹ." Mo gbójú sókè, pátákó náà ló wà níwájú mi gbàgàdà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. OGBOMOSO.

Ó gbọmọ ṣọ́.

Ó gba ọmọ, ó ṣọ́ ọ. Mo kà á síta, mo tún un kà, omi sì ti gba ojú mi. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú díńgí.

"Mà, ṣé ẹ máa sọ̀ níbí ni?"

Ó wù mí kí n sọ̀. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n agbo ilé wo ni màá béèrè, orúkọ ta ni màá dá? Bàbá la pè é títí tó fi lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ orúkọ, mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ jù kí n tó lè bá a láyé.

"Rárá," mo ní, "ẹ máa lọ."

Mo gbé ọmọ náà sókè lójú fèrèsé kó lè rí pátákó náà bó ti ń lọ sẹ́yìn. Kò tíì mọ̀wé, mo bá a kà á. Ó fà, Bàbá, àmọ́ mo ti kà á.