Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Ta Gàrí Ẹlẹ́gbẹ̀kà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí àpèjọ ńlá nítorí iṣẹ́ mi, kò pẹ́ tí mo wọlé tí àwọn àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi ní omi. Mi ò lè bínú sí wọn, torí èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé tíréè.

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ àwọn àgbẹ̀ wò lóko, kí n kọ́ wọn nípa irúgbìn tuntun, kí n sì gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Lára àwọn tí mo ń bẹ̀ wò ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ẹlẹ́gbẹ̀kà. Lọ́dún náà, oníbàárà kan ṣoṣo tó máa ń kó gàrí wọn dáwọ́ dúró. Gàrí kún yàrá dé àjà, agbada tutù. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Tóyìn, olórí wọn, sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ti kúrò nílẹ̀, ẹgbẹ́ tú nìyẹn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gidigidi.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Bísí, ọ̀gá mi, ọmọ Àkókó tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, fi mú mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti kó àwọn tó ń ra oúnjẹ oko jọ. A ó wá oníbàárà tuntun níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ wọn tán, wọ́n ní kí gbogbo wa dìde, kí á máa mu nǹkan, kí kálukú máa lọ bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

Ní Ìdóàní tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í déédéé lọ dúró síwájú àgbà kó máa royìn ara rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ kí wọn ni, yóò sì dúró títí wọ́n á fi bi í pé ọmọ ta ni. Mo kúnlẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́. Ó ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ó sì yíjú padà sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo bá lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí bàbá kan tí omi ti tán nínú ife rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í rí irú èyí kó máa wòran. Mo gbé tíréè, mo bu omi fún un, mo bu fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, mo ti ríṣẹ́ ṣe. Láìpẹ́, obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé ń bi mí bóyá ẹran ṣì kù.

Ìyá Bísí fà mí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ gba ti òtẹ́ẹ̀lì. Mo ní ojú ló ń tì mí, pé mo kí wọn, wọn ò sì bi mí ní nǹkan kan. Mo ti ń retí kó ní kí n lọ máa na ọwọ́ sí àwọn àgbà bí àwọn ọmọ ìlú ńlá, kí n máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Fọlá, kúnlẹ̀ dáadáa," ó wí. "Àmọ́ má dìde láìsọ ohun tó gbé ọ wá. Àgbà wo ló máa rìn kúrò níwájú ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó gba tíréè lọ́wọ́ mi, ó sì fi ojú júwe ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan tó ń ra gàrí fún iléeṣẹ́ tó ń dì í sínú ọ̀rá tà. Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó ní kí n dìde. Mi ò dìde.

"Fọláṣadé ni mí, sà, ọmọ Ìdóàní. Àwọn ìyá kan ń yan gàrí ní Ẹlẹ́gbẹ̀kà. Ó gbẹ, ó mọ́, kò ní yanrìn, àmọ́ wọn ò rẹ́ni rà á. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá wò ó."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú ti wà lára wa. Obìnrin tó béèrè ẹran sáré dé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ohunkóhun tí mo bá ṣe, kó foríjì mí, ọmọdé ni mí.

"Kò ṣẹ̀ mí, ìyáàfin," ọkùnrin náà dáhùn. "Gàrí ló ń tà."

Ẹ̀rín sọ. Ìgbà yẹn ni mo tó dìde. Ó bi mí nípa irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń lò àti iye ọjọ́ tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan kí wọ́n tó yan án, mo sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó wà lóko. Kò ṣèlérí. Ó kàn ní òun máa ń gba ọ̀nà Ìfọ́n, òun á yà.

Ó yà lóòótọ́. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dúró ní Ẹlẹ́gbẹ̀kà ni gbogbo àwọn obìnrin náà sá sẹ́yìn mi. Ó béèrè ẹni tó ni gàrí. Wọ́n tì mí síwájú, wọ́n ní kó bi ọmọ àwọn. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, mo ti di ọ̀gá nínú ká bá àlejò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Tóyìn tó ń gbọn ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan, tó ń wolẹ̀. Mo mọ ìtìjú yẹn dáadáa. Mo yà kúrò lọ́nà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà," mo sọ fún un. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba ọjà jẹ́. Ìyá Tóyìn tú àpò kan, ó bu gàrí, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ jẹ ẹ́ wò. Èmi ni mo yan án."

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́. Ó tún bu òmíràn fúnra rẹ̀. Ó ní òun á kó gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ó wá béèrè ìgbà tí wọ́n lè tún dáná sábẹ́ agbada.

Ìyá Tóyìn kò wo ojú mi rárá kó tó dá a lóhùn.

"Lọ́la."