Jẹnẹrétọ̀ Ẹnu Géètì

Salaudeen ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ sójà, àmọ́ iṣẹ́ sójà ò tíì fẹ̀yìntì lára rẹ̀. Òun ni alága ètò ààbò ládùúgbò kan n'Íkòsì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Á yẹ géètì wò, á yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, á tún padà lọ yẹ èyí tó ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń tan iná ẹnu géètì ló fọkàn tẹ̀ jù. Ó ní bí olè bá ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀, á mọ̀ pé àwọn ò sùn.

Ṣùgbọ́n epo ti gbówó lórí. Owó tí àwọn onílé ń dá kò ká epo àti owó oṣù àwọn ọlọ́dẹ mọ́, wọ́n sì ti dá ọlọ́dẹ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣèpàdé, Mojí akápò ní kí wọ́n ta jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ra iná sólà, kí wọ́n sì pe ọlọ́dẹ náà padà. Ó ní òun gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ lórí rédíò pé ó yẹ kí ìjọba pàápàá gbé sólà sí bárékè, kí owó dísẹ̀lì tó ń jó dànù lè ra bàtà fáwọn sójà. Inú bí Salaudeen. Ó béèrè bóyá oòrùn ni wọ́n fẹ́ fi jagun. Ó rojọ́ ààbò orílẹ̀-èdè, ó ka ìbọn, ó ka ọkọ̀ ogun, títí àwọn àgbà fi ń yán, tí wọ́n sì fún jẹnẹrétọ̀ náà ní oṣù kan sí i. Ká sòótọ́, agídí lásán ni.

Ìdájí ni Suwebat ìyàwó rẹ̀ máa ń jáde lọ pàdé ọkọ̀ tòmátì ní Mile 12. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù yẹn, Salaudeen ṣí géètì fún un, ó pa á dé, ó padà sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún, ara tù ú. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi padà wọlé. Kò sí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ sì ti bó. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló ká a mọ́ ìta géètì gan-an.

Salaudeen béèrè pé, "Kí ló dé tí o ò pariwo?"

Suwebat wò ó. "Bàbá Hidayat, mo pè yín. Mo pè yín títí ohùn mi fi há."

Salaudeen ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kó rò pé òun pè. Kò jẹun àárọ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tan jẹnẹrétọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń yọjú wo ẹni tó ń sun epo lójú oòrùn. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ dúró síbi tí wọ́n ti dì í mú, kó pè é bó ṣe pè é láàárọ̀. Suwebat ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ.

Salaudeen ṣí géètì sílẹ̀, ó jókòó, ó tẹ́tí. Ó ń rí ẹnu Suwebat tó ń là, tó ń padé, ó rí iṣan ọrùn rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó juwọ́ sí i pé kó pariwo sí i. Níkẹyìn, ó dìde, ó pa jẹnẹrétọ̀ náà.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Suwebat ti dijú, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì dákẹ́.

"Bàbá Hidayat, ẹ gbà mí. Bàbá Hidayat, ẹ gbà mí."