Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Láàárín Orin

Ní ọjà Treichville ní Abidjan, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi ń ta gòjé òyìnbó. Òun fúnra rẹ̀ kì í pè é ní gòjé o. Violoncelle ló ń pè é. Ahọ́n mi máa ń kọ́ níbẹ̀, nítorí náà gòjé ńlá ni mo ń pè é, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ fún mi. Igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹni tó ń ta á, àárín ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi í sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó jókòó bẹ́ẹ̀, mo ní, “Ọmọbìnrin kì í jókòó báyìí.”

Ó ní, “Màmá, kò sí bí a tún ṣe lè jókòó tì í.”

Mo wò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo bá lọ sí ọjà Adjamé Roxy, mo ra aṣọ dúdú tó nípọn, mo rán síkẹ́ẹ̀tì kan fún un tó fẹ̀ dáadáa, tó sì gùn dé kókósẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjókòó parí síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ti padà sí Èjìgbò pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi gòjé lé e lọ́wọ́, ó wá ṣe ìdánwò, ilé ẹ̀kọ́ orin sì gbà á. Èmi ò kàwé lọ títí. Faransé tí mo gbọ́, ọjà ló kọ́ mi. Mo mọ èyí tí wọ́n fi ń nájà, mo mọ èyí tí wọ́n fi ń bú èèyàn, mo sì mọ èyí tí wọ́n fi ń tọrọ àánú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, lẹ́yìn tí ariwo ogun ti rọlẹ̀, ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní àgbà olórin kan ń bọ̀ láti Faransé, pé ní Bingerville ni yóò ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lójú gbogbo èèyàn. Wọn yóò máa ta, òun yóò máa dá wọn dúró, yóò máa tún un ṣe.

“Musique de chambre ni, Màmá.”

Èmi mọ chambre. Yàrá tí à ń sùn ni chambre. Mo ní, “Orin inú yàrá kẹ̀? Ìwọ pẹ̀lú ta ni nínú yàrá?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò òwú mi. Ó ní rárá, pé orin èèyàn díẹ̀ ni, àwọn mẹ́rin péré, tí kò sí ẹni tó dúró níwájú wọn tó ń ju ọwọ́. Ojú àti èémí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò ta níwájú bàbá náà, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sì mú, èyí tí yóò ta ní alẹ́ Sátidé níwájú àwọn àlejò pàtàkì. Ó fẹ́ kó jẹ́ tiwọn. Ó fẹ́ ẹ débi pé orí ìka rẹ̀ ti le bí èékánná, oúnjẹ ò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Ó ní, “Màmá, ẹ ó wá?”

Mo ní, “Bí mi ò bá lọ, ta ni yóò lọ?”

Ó yẹ kí n sọ bí etí mi ṣe rí nígbà yẹn, kí ẹ má baà rò pé orí mi ló dàrú. Ní àwọn ọdún tí ilẹ̀ náà pín sí méjì, rédíò ẹni tó ń tajà tì mí lọ́jà kì í kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́ já nínú rẹ̀, attaquer, ìyẹn kí wọ́n kọlu èèyàn. Wọ́n ti attaquer ibí, wọ́n ti attaquer ọ̀hún. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ agboolé wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan á wá pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n á nawọ́ sí wa. “C'est vous! Ẹ̀yin àjèjì, ẹ̀yin lẹ ń attaquer wa!” Àwa Anango, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, kí la fẹ́ fi attaquer ẹnikẹ́ni, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì? Ṣùgbọ́n a kì í bá wọn jiyàn. Pardon la máa ń wí. Ní Abidjan, pardon kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ dákun ni, ẹ ṣàánú wa ni. Bí ohùn ẹnì kan bá ti ròkè, kí á tó mọ ohun tó ń bí i nínú, a ti wí pardon, a ti kúnlẹ̀. Bí a ṣe gbé e já nìyẹn.

Ọjọ́ náà pé, mo wọ bùbá aláwọ̀ ewé mi, mo dé Bingerville kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú ìkòkò omi. Obìnrin kan jókòó tì mí, ará Cocody níbi tí àwọn olówó ń gbé, òórùn rẹ̀ dára, ó sì mọ èèyàn í kí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń ta gòjé kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ mi.

Ó bi mí pé, “La vieille, èwo ni tiyín?” La vieille tó pè mí, ìyẹn ìyá àgbà, ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn.

Mo nawọ́ sí i. Ó ní, “Ah, la petite Anango, ọmọ kékeré yẹn! Ọmọ mi ní òun ló máa ń bá àwọn wí bí wọ́n bá pẹ́.”

Mo ní, “Èmi náà ló ń bá wí nílé.” A jọ rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó bí ìlàjì òṣùpá. Bàbá náà ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun gbòò, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọṣọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ ó pàtẹ́wọ́, ó dá wọn dúró. Ó bá ọmọ obìnrin Cocody sọ̀rọ̀ díẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó wá kọjú sí ọmọ mi.

“Non.”

Wọ́n tún un ta. “Non, non.” Wọ́n tún un ta. Ó ní kí àwọn yòókù dákẹ́, kí òun nìkan ta á. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni ọmọ yìí bàjẹ́ tí àwọn tó kù kò bàjẹ́. Orí rẹ̀ ti wálẹ̀. Lójijì bàbá náà jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ìka sí i láàárín ojú, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé:

“C'est vous! C'est vous qui attaquez! Kì í ṣe òun, kì í ṣe òun, vous!”

Mi ò rántí pé mo dìde. Ohun tí mo rántí ni pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń fà sẹ́yìn fún mi lórí ìlà, mo sì ń wí pé, “Pardon! Pardon, monsieur! Pardon!”

Bàbá náà yíjú, ó rí arúgbó kan tó ń bọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Je vous en prie, madame,” ó gbé irin tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó lanà fún mi. Ó rò pé mo fẹ́ kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́yìn òun ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, pardon ni ẹni tó fẹ́ kọjá máa ń wí. Ọ̀nà tó là fún mi ni mo gbà dé iwájú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ gbàgà.

Mo ní, “Patron, faut pardonner. Ọmọdé ni. Kò ní ṣe é mọ́.”

Bàbá náà wò mí, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wò mí.

Ọmọ ọmọ mi jókòó síbẹ̀, ọ̀pá gòjé lọ́wọ́ rẹ̀, gòjé náà fara tì í láyà, kò rí bó ṣe lè dìde kíákíá. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, bí ẹni pé kí ẹlòmíràn má gbọ́. “Màmá, ẹ dìde. Kò bá mi jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti òkè. Ẹ̀rín kan ló kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ó kárí. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ì bá sàn kó jẹ́ ti ìkà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyẹn mọ́ra.

Olùkọ́ wọn obìnrin sáré wá, ó sọ nǹkan sí bàbá náà létí. Bàbá náà sọ pé, “Mais non, madame, mais non,” òun náà bá kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbé mi dìde. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi, olùkọ́ náà ń fi Faransé ọjà yé mi. Nínú orin, attaquer kì í ṣe ogun. Kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn, àwọn mẹ́ta yòókù yóò tẹ̀ lé èémí rẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ jù, bí ẹni tó ń tọrọ ààyè, ìyẹn ni bàbá náà ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Ó ní bí kò bá sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni, òun ì bá má yọ ara òun lẹ́nu.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pa á bí wọ́n ṣe ń pa á fún ọmọ tó ṣubú tó sì dìde. Mi ò lè padà sí àga mi. Ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn ni mo gbà jáde, èyí tí bàbá náà rò tẹ́lẹ̀ pé mo ń lọ.

Mo jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi kan. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gòjé ńlá tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé láì kànkùn. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Mi ò mọ orin, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi. Inú ló ń bí i.

Nígbà tó ṣe, obìnrin Cocody sáré jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi mọ́ra. “La vieille! Wọ́n ti mú àwọn ọmọ wa!” Ó wá fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀: “Pardon yín ló jẹ́ o! Nígbà ìdánwò ọmọ mi, màá wá fi mọ́tò gbé yín wá kúnlẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Inú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, la wọ̀ padà sílé, gòjé náà dúró láàárín wa bí ẹni kẹta. Bí a ṣe kúrò ní Bingerville, ọmọ náà kọjú sí mi. Ó wá ní:

“Màmá, kí lẹ rò pé mo ṣe?”

“Mo gbọ́ tó ní o kọlu èèyàn.”

“Ta ni mo kọlù?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ sì gbà pé mo ṣe é.”

“Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ní, ‘kò ní ṣe é mọ́.’ Ohun tí mi ò ṣe, báwo ni mi ò ṣe ní ṣe é mọ́? Ẹ ò tiẹ̀ bi í pé kí ni mo ṣe.”

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa, tí kò gbọ́ Yorùbá, ní, “Eh, la petite, faut pas crier sur la vieille.” Ó ní kó má pariwo mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò pariwo. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

Tí àwọn èèyàn bá fi mí rẹ́rìn-ín, ìtìjú ìyẹn yóò lọ. Èyí ni kò lọ. Mo ti rò pé mo sáré lọ dúró níwájú ọmọ mi kí nǹkan má baà bà á. Ẹjọ́ ni mo lọ bá wọn dá fún un, mo ní ó jẹ̀bi, lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígi fún un. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni mo máa ń ti í mọ́ nígbà tí wọ́n bá wá, kó má baà rí bí mo ṣe ń kúnlẹ̀. Mo wá lọ kúnlẹ̀ fún un ní Bingerville, lábẹ́ iná mànàmáná.

Ní Sátidé, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú náà dáadáa. Bùbá mi náà, mo ti lọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ náà rí i níbẹ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní sinmi lónìí?”

Ẹ̀yìn ò dùn mí. Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Ó ń dùn mí. Màá sinmi.”

Ó kúnlẹ̀ kí mi, olùkọ́ rẹ̀ sì wá fi mọ́tò gbé e. Mi ò sinmi, mo lọ sọ́jà. Onírédíò tó ń tajà tì mí bi mí pé ṣé kì í ṣe òní ni ọmọ mi ń ta gòjé ni, mo ní òní ni, mo sì ń to bọ́tìnnì lọ, dúdú sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ń mu tíì ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún mi bó ṣe lọ. Ó ní ó dára, ó ní àwọn èèyàn dìde dúró. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá yẹn béèrè yín.”

“Kí lo wí fún un?”

Ó ń po tíì tó ti tutù. “Mo ní ara yín ò yá. Ó ní kí n bá òun kí yín.”

Mo ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Mo ti búrẹ́dì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mú un, kò wojú mi.